Bí A Ṣe Ń Ka Àrokò Tó Wà Lára Òkúta Ibojì Àtijọ́ ní Skọ́tlándì

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Dundee, ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú kan tí wọ́n ń pè ní Howff ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Àárín ìgboro ló wà, ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ló yí i ká. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo yọjú wo inú rẹ̀ látẹnu géètì, agbárí òkú ni mo rí tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, eegun méjì sì dábùú ara wọn lábẹ́ rẹ̀. Mo yẹra kíá. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni ohun tó máa sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn: àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ló sin ara wọn síbí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, alágbẹ̀dẹ, télọ̀, alápatà, àgbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta yẹn, àrokò ni. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí ìwé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí, ẹni tó bá sì fi mẹ́jọ dá a lóhùn ti sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Skọ́tlándì ṣe fi agbárí, agogo, òòlù àti ìyẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò kọjá, yálà ó mọ̀wé tàbí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá wo àmì kan ṣoṣo yóò ṣì í kà. Odindi òkúta la máa ń kà.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ mọ ohun tó fà á. Ní 1560 ni Skọ́tlándì kúrò lábẹ́ Póòpù, tí ìjọ Kristi ibẹ̀ sì di ti Pùròtẹ́sítáǹtì. Ìjọ tuntun yìí kò fẹ́ ère ẹni mímọ́, kò fẹ́ àgbélébùú tí wọ́n gbẹ́, ó sì kọ̀ kí wọ́n máa sin òkú sínú ilé ìsìn bí ti tẹ́lẹ̀. Ìta ni kí gbogbo ayé ti máa sinkú. Ọdún 1562 ni wọ́n ya ilẹ̀ Greyfriars sọ́tọ̀ fún òkú ìlú Edinburgh, 1564 sì ni Ọbabìnrin Mary fi ilẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tẹ́lẹ̀ ta Dundee lọ́rẹ, òun ló di Howff. Nígbà tí ère ẹni mímọ́ ti di èèwọ̀, ohun tó kù fún agbẹ́kùúta láti gbẹ́ kò ju mẹ́ta lọ: ikú, àjíǹde, àti iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe láyé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ìgbà tí ẹ ó lọ

Òkúta tó ti gba òjò àti yìnyín fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ọnà ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Bí oòrùn bá ràn kọjú sí i gan-an, ńṣe ló máa rí pẹrẹsẹ. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni òjìji máa ń jókòó sínú kòtò ọnà, tí àwòrán á wá yọ bí ẹni tó ń jáde látinú omi. Nígbà ooru, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Oṣù Kejìlá tí gbogbo wa ń sá fún nítorí òtútù ló dára jù: lọ́sàn-án gangan, oòrùn Dundee kì í ga ju nǹkan bíi dìgírì 10 lọ lókè ojú ilẹ̀, nítorí náà gbogbo ọ̀sán ni ìmọ́lẹ̀ ń dábùú. Bí kò bá sí oòrùn, ẹ di tọ́ọ̀ṣì mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, kí ẹlòmíì fi agboòrùn ṣíji bò ó, kí ẹ sì ya fọ́tò.

Ẹ má fọwọ́ họ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí mo ti ṣe é rí. Nínú itẹ́ òkú abúlé kan, mo rí ọdún kan tí èéhù bò, mo fi orí kọ́kọ́rọ́ mi họ ọ́ díẹ̀ pé kí n lè rí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Awẹ́ òkúta kan ṣí bí èèpo ọsàn, ó já bọ́ sínú koríko, ìdajì nọ́ńbà ọ̀hún sì bá a lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí nọ́ńbà yẹn ti wà níbẹ̀, èmi ni mo sì ba á jẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òkúta yìí, òkúta oníyanrìn ni, omi ti wọ inú rẹ̀, awọ ojú rẹ̀ kàn lẹ̀ mọ́ ọn ni. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, ṣọ́ọ̀kì, ìyẹ̀fun, fọ́ọ̀mù ìfárùngbọ̀n, oògùn ìfọṣọ, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì fara ti òkúta tó dúró, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gùn ún. Ó wúwo, ìdí rẹ̀ sì ti lè jẹrà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ irú òkúta tó jẹ́

Àwọn kan tẹ́ sílẹ̀ gbalaja. Àwọn kan dà bíi tábìlì, wọ́n lẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Àwọn kan dúró ṣánṣán níbi orí, àwọn wọ̀nyí ló gbòde ní ọdún 1700 sí 1800. Ní Greyfriars, ẹ ó rí èyí tí àwọn olówó ọdún 1600 sókè kọ́ mọ́ ara ògiri, tó ní òpó àti òrùlé bí ẹnu ọ̀nà ààfin. Bí òkúta tó dúró bá kọ̀wé sí ojú kan, ẹ rọra yí i ká, nítorí ojú kejì ni àwòrán sábà máa ń wà. Mo ti rí àwọn tó ya fọ́tò ojú ìwé tán tí wọ́n sì lọ láìmọ̀ pé odindi ìtàn wà lẹ́yìn.

Ẹ má fi ọkàn tán ọdún tí ẹ bá rí. Ilẹ̀ ibojì ni ìdílé ń rà, òkúta ni ẹ̀rí pé tiwọn ni. Nítorí náà ọdún tó wà lára rẹ̀ lè jẹ́ ọdún tí wọ́n gbé òkúta kalẹ̀, kí ẹni tó gbé e kalẹ̀ sì ṣì wà láyé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kà á láti òkè wá sísàlẹ̀

Èyí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ òkúta ọdún 1700 sókè, òkè pátápátá ni orí kan wà tó ní ìyẹ́ méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bíi ti ọmọ ọwọ́. Ọkàn ẹni tó kú ni, ó ń fò lọ sọ́run. Àárín ni orúkọ àti irinṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀, ni agbárí àti eegun wà. Ara wà nísàlẹ̀, ọkàn ti lọ sókè, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà ló so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá rí agbárí nìkan ti ka ìlà tó gbẹ̀yìn, ó sì ti pa ìwé dé. Kì í ṣe gbogbo agbẹ́kùúta ló tẹ̀ lé ètò yìí o, àwọn mìíràn kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ṣùgbọ́n ẹ fi í bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àmì ikú àti àmì àjíǹde

Agbárí àti eegun túmọ̀ sí pé ikú ń bọ̀ fún gbogbo wa. Nígbà púpọ̀ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kì í sí lára rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ MEMENTO MORI sí, èdè Látìn ni, ó ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé kó rántí pé òun náà yóò kú. Ìgò tí ìbàdí rẹ̀ há, tí iyanrìn ń dà láti òkè rẹ̀ sísàlẹ̀, òun ni wọ́n fi ń wọn wákàtí láyé ọjọ́un. Bó bá dúró, àkókò ń lọ. Bí wọ́n bá dá a dùbúlẹ̀, iyanrìn kò lè dà mọ́, àkókò onítọ̀hún ti dúró. Bó bá ní ìyẹ́, TEMPUS FUGIT ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: àkókò ń fò lọ. Pósí kò nílò àlàyé. Ṣọ́bìrì méjì tó dábùú ara wọn jẹ́ irinṣẹ́ ẹni tó ń gbẹ́ sàréè. Eegun ènìyàn tó dúró tó di ọfà mú, Ikú fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Agogo kékeré ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Bí ènìyàn bá kú ní abúlé, ìránṣẹ́ ìjọ máa ń mú agogo ọlọ́wọ́ kan jáde, á máa lù ú káàkiri, á máa dárúkọ òkú, á sì sọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ sin ín. Òun náà ló ń lù ú lọ níwájú òkú. Nítorí náà ẹ ka agogo yẹn bí ohùn: ìkéde ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ní ti àjíǹde, ẹ wá áńgẹ́lì tó ń fun ìpè, nítorí Bíbélì sọ pé ìpè yóò dún, a ó sì jí àwọn òkú dìde. Ẹ wá adé, imọ̀ ọ̀pẹ, ìwé tó ṣí sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí Ádámù àti Éfà pẹ̀lú igi àti ejò láàárín wọn. Ọ̀kan tó lókìkí wà ní Lyne, ní agbègbè Peebles, ọdún 1712 ló wà lára rẹ̀. Kò yẹ kó yani lẹ́nu bí ẹ bá rí ìhòòhò lára òkúta ìjọ. Ibẹ̀ ni ikú ti wọ ayé, ibẹ̀ ni ìtàn náà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iṣẹ́ ọwọ́

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Oríkì ni. Nígbà tí àwa bá sọ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ tàbí ọmọ ahunṣọ, à ń sọ ilé tí ènìyàn ti wá, irinṣẹ́ tó wà lára òkúta yìí náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní ìlú ńlá, oníṣẹ́ ọwọ́ kò lè dá ṣiṣẹ́ láìwọ ẹgbẹ́. Dundee ní mẹ́sàn-án: àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, tó ń ṣe bàtà, tó ń ṣe ìbọ̀wọ́, àwọn télọ̀, àwọn tó ń ṣe fìlà, alápatà, alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ àti aláró. Inú Howff níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé títí di 1776, láàárín òkú àwọn ọ̀gá wọn. Ohun tí orúkọ yẹn gan-an túmọ̀ sí ní èdè wọn ni ibi ìpàdé.

Òòlù tí adé wà lórí rẹ̀ ni ti alágbẹ̀dẹ àti gbogbo ẹni tó ń fi irin ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé ọba ni wọ́n sin síbẹ̀, adé yẹn jẹ́ ti ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀bẹ tó tẹ̀ bí oṣù àbọ̀, tí adé tún wà lórí rẹ̀, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé awọ bàtà ni. Àlùmọ́gàjí àti áyọ́ọ̀nù, télọ̀ ni. Àlùmọ́gàjí àti ìbọ̀wọ́, ẹni tó ń ṣe ìbọ̀wọ́ ni, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ má ṣi méjèèjì mú fún ara wọn. Pátákó ọlọ́wọ́ gígùn tí nǹkan roboto mẹ́ta wà lórí rẹ̀: pátákó tí wọ́n fi ń ti búrẹ́dì sínú ààrò ni, búrẹ́dì sì ni àwọn roboto náà. Alápatà ní àáké àti ọ̀bẹ.

Ahunṣọ ní ọ̀kọ̀, èyí tí wọ́n fi ń gba òwú kọjá láàárín aṣọ, ó ṣẹ́nu ṣóńṣó ní ìhà méjèèjì. Nígbà mìíràn ẹnu àmọ̀tẹ́kùn ni ọ̀kọ̀ náà wà, bí àmì ẹgbẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbẹ́kùúta abúlé kò rí àmọ̀tẹ́kùn rí láyé rẹ̀, nítorí náà ológbò ni yóò jọ lójú yín, tàbí ajá tó gbé egungun há ẹnu. Ìgbàkígbà tí mo bá rí ọ̀kọ̀ ní Dundee ni mo máa ń rántí Mary Slessor tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà kà nípa rẹ̀ ní ilé ìwé. Ahunṣọ ni òun náà nínú ilé iṣẹ́ ìlú yìí, láti ọmọdé, kó tó wọkọ̀ lọ sí Calabar ní 1876.

Ní oko, àgbẹ̀ ní irin méjì tó ń la ilẹ̀, ọ̀kan gùn bí idà, èkejì ṣẹ́nu bí ọkọ́. Ọlọ́lọ ní irin kan tó lọ́wọ́ mẹ́rin, òun ló máa ń gbé ọlọ òkè dúró lójú ihò rẹ̀, ó jọ àgbélébùú tó tẹ̀ lẹ́nu, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè é ní àgbélébùú. Awakọ̀ ojú omi ní ìdákọ̀ró tàbí odindi ọkọ̀. Oníṣòwò ní àmì kan tó dà bíi nọ́ńbà 4 lórí ọ̀pá, lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, àmì kan náà tó ń fi sára ẹrù rẹ̀ kí ó má bàa sọ nù ní èbúté.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn lẹ́tà

Ẹ máa bá lẹ́tà mẹ́rin pàdé, méjì lápá kan, méjì lápá kejì, bóyá kí àwòrán ọkàn wà láàárín. Ọkọ àti aya ni. Ẹ kíyè sí lẹ́tà ìkẹyìn obìnrin: ó sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, nítorí ní Skọ́tlándì àtijọ́, ilé ọkọ kì í gba orúkọ baba lọ́wọ́ obìnrin. Orúkọ tí wọ́n bí i mọ́ ló ń jẹ́ títí dójú sàréè. Ẹni tó ń wá ìdílé rẹ̀ yóò mọ bí èyí ti níyelórí tó, pàápàá bí òkú bá ti ṣáájú 1855, nígbà tí ìjọba kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní dandan, tó jẹ́ pé ìwé ìjọ nìkan ló wà.

HEIR LYIS ni "níhìn-ín ni ó dùbúlẹ̀ sí". Lẹ́tà I lè dúró fún J, V lè dúró fún U, V méjì tó so pọ̀ di W. YE ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ kékeré tí òde òní ń kọ ní THE. RELICT ni opó. Bí òkúta bá jẹ́ ti àwọn tí ìjọba pa nítorí ìsìn wọn ní ọdún 1680 sókè, bí àwọn obìnrin méjì tí wọ́n so mọ́ òpó kí omi òkun fi gbé wọn ní Wigtown ní 1685, ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lára rẹ̀ ju àwòrán lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bí lẹ́tà irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tàn yín. Agbẹ́kùúta kan tó ń jẹ́ Robert Paterson, tó kú ní 1801, fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn káàkiri lórí ẹṣin rẹ̀, ó ń tún lẹ́tà ibojì wọn gbẹ́ kí orúkọ wọn má bàa parẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ibi tí ènìyàn ti máa ń ṣì í

Agbárí kì í ṣe àmì olè orí omi, kì í sì í ṣe àmì àjàkálẹ̀ àrùn, ohun tí ẹni tó ń mú àlejò kiri bá sọ ì báà jẹ́. Ọ̀pá ìyàwòrán onígun àti kọ́ńpáàsì kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà wọ ẹgbẹ́ awo. Káfíńtà àti bíríkìlà ń lò wọ́n lójoojúmọ́, ibi iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ wọn sí. Bí ẹ bá sì rí irin ńlá tó bo ibojì bí àgò adìẹ, bó ṣe wà ní Greyfriars àti ní Logierait, kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù kí òkú jíǹde. Alààyè ni wọ́n ń bẹ̀rù. Àwọn kan ń jí òkú tuntun hú lóru, wọ́n ń tà á fún àwọn oníṣègùn tó ń kọ́ bí ara ṣe rí, títí òfin 1832 fi la ọ̀nà mìíràn fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn láti rí òkú.

Lẹ́yìn 1800, èdè òkúta yí padà. Ìkòkò tí aṣọ bò, òpó tó ṣẹ́ láàárín fún ẹni tó kú ní rèwerèwe, ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn, ọ̀dọ́ àgùntàn fún ọmọdé. Òkè Necropolis ní Glasgow, tó ṣí ní 1833, kún fún wọn. Wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ àwọn tó kù ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sábà sọ ẹni tó lọ. Àwọn kan tó ti pẹ́ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, bí èyí tó wà ní Kilmartin ní ìwọ̀ oòrùn, idà àti ọkọ̀ ọlọ́pọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ti jagunjagun.

Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀kan pa pọ̀

Ká ní ẹ dúró níwájú òkúta kan tó ga dé ìbàdí. Lókè, orí oníyẹ̀ẹ́, imú rẹ̀ ti jẹ. Lábẹ́ rẹ̀, I M lápá òsì, M K lápá ọ̀tún, irin ìtúlẹ̀ méjì láàárín. Nísàlẹ̀, ìgò iyanrìn tó dùbúlẹ̀, agbárí, agogo. Ẹ má tíì kọ ohunkóhun. Ẹ wo inú koríko, bóyá ìlà kan ṣì wà tí ilẹ̀ ti bò. Ẹ wá kà á jáde lẹ́nu: ọkùnrin kan wà, ó ṣeé ṣe kó máa jẹ́ John tàbí James, àgbẹ̀ ni, aya rẹ̀ lè jẹ́ Margaret tàbí Mary, ilé baba tirẹ̀ ni K, àkókò wọn ti dúró, wọ́n ti lu agogo fún wọn, ara wọn wà nílẹ̀ yìí, ọkàn wọn ti fò lọ. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i, lẹ́tà fún lẹ́tà, kí ẹ sì kọ ibi tó wà nínú ọgbà àti ìhà tó kọjú sí. Ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì. Bí òjìji bá ti ń tán lójú ọnà, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.